Fìlà Kì Í Ní Agbo Ilé: Bí Mo Ṣe Di Òṣìṣẹ́ Fíìdì ní Ìwó

Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ kan, a ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán ni, mo padà dé Ilé Ohùn, mo bá Rúkà ọmọ ẹ̀gbọ́n mi níwájú kọ̀ǹpútà, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú. Kò kí mi. Ọmọ tó máa ń kúnlẹ̀ kí mi pẹ́ títí, bí ẹni pé ìlẹ̀kẹ̀ ló já sílẹ̀ tó ń ṣà á, kò kí mi rárá. Mo mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́.

"Bàbá Alága," ó ní, "ohùn wa ti kú."

"Ta ló pa á?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ṣeré. Ẹ̀rọ àwọn ará Ìbàdàn ti wá wò wá. Ó rí orúkọ gbogbo ètò wa pátá. Kò rí ohùn kankan."

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé yín, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí mo jẹ́. Àga ni mo ń yá àwọn èèyàn ní Ìwó yìí láti ìgbà tí mo ti wà ní géńdé. Àga, tábìlì àti àtíbàbà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè mí ní Bàbá Alága. Àwọn tí kò mọ̀ mí dáadáa rò pé mo ti ṣe alága ẹgbẹ́ kan rí, èmi náà kò sì tọ́ wọn sọ́nà. Nígbà kan, níbi ìkómọ kan, àlejò láti Èkó gbọ́ tí wọ́n ń pè mí ní Alága, ó fà mí lọ́wọ́ lọ sí tábìlì àwọn ẹni ńlá. Mo jókòó. Mo jẹun. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀, mo sọ̀rọ̀ nípa ìlọsíwájú ìlú, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìgbà tí mo dìde lọ kó àwọn àga mi jọ ni ojú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ là.

Ìwé mi kò pọ̀. Mo dé ilé ìwé Módà, àmọ́ Módà kò dé inú mi. Ohun tí mo mọ̀ dájú ni àmì. Nínú iṣẹ́ àga yíyá, àmì ni ẹ̀mí iṣẹ́. Tí ìnáwó ńlá bá wà, àga ẹni mẹ́ta mẹ́rin ló máa ń pàdé níbẹ̀, gbogbo wọn á funfun báláú bí ọmọ ìyá kan náà. Àga tí kò bá lámì, ó ti di ọmọ aláìníbaba, ẹni tó bá kọ́kọ́ nawọ́ sí i ló ni ín. Nítorí náà ni mo ṣe ń fi ọ̀dà pupa kọ orúkọ sí ìdí gbogbo àga mi. Mo kọ ọ́ sí ẹsẹ̀ tábìlì, sí òpó àtíbàbà, sí okùn tí a fi ń ta òpó, sí èèkàn tí a ń so okùn mọ́. Ìyàwó mi ń sọ kiri pé òun jí lọ́jọ́ kan òun bá ọ̀dà pupa lẹ́yìn ọrùn òun. Irọ́ ló ń pa. Èjìká ni.

Àmì yìí lágbára débi pé àga mi kan lọ sí ìsìnkú ní Kuta, àwọn ará ibẹ̀ gbàgbé rẹ̀ sábẹ́ igi. Òjò pa á, oòrùn pa á, ewúrẹ́ bímọ lórí rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ni mo ṣílẹ̀kùn lówùúrọ̀, àga ló dúró lẹ́nu ọ̀nà yìí, kò sí ẹni tó gbé e wá. Ẹ lè má gbà mí gbọ́. Ọ̀dà pupa ìdí rẹ̀ kò ṣí rárá.

Nígbà tó yá, eékún mi ní òun kò gbé àga mọ́. Mo ta gbogbo wọn, mo wá ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àwọn arúgbó ẹgbẹ́ mi, à ń dárúkọ ẹni tó ń kọjá, à ń sọ ohun tí bàbá rẹ̀ ṣe ní kékeré. Ẹnu iṣẹ́ yìí ni mo wà tí Rúkà fi dé. Ó ti kẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà, ó ti lọ́kọ, ọkọ rẹ̀ Lúkmọ́nù ń ṣiṣẹ́ ọ̀nà ní Àbújá. Rúkà ní òun fẹ́ dá nǹkan kan sílẹ̀ nílé ná. Ó gba yàrá iwájú ilé wa, ó fi fóòmù bo ògiri, ó ra gbohùngbohùn, ó sì kọ "Ilé Ohùn" sí ara ilẹ̀kùn.

Ohun tó ń ṣe níbẹ̀ ni pé ó ń gba ohùn àwọn èèyàn sílẹ̀. Àáfà wa ń wá ṣe wáàsí. Àwọn ìyá ìjọ Onítẹ̀bọmi ń wá kọ orin. Àwọn àgbẹ̀ Olúpọ̀nnà ń wá sọ bí a ṣe ń tọ́jú iṣu kí ó má baà jẹrà. Ọ̀rẹ́ mi Tíṣà Ládélé, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì nílé ẹ̀kọ́, ló ń ka ìtàn ìdílé kọ̀ọ̀kan. Bí a ti jẹ́ ẹgbẹ́ yìí, láti kékeré ló ti ń yọ mí lẹ́nu. Rúkà á kó gbogbo ohùn wọ̀nyí sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọmọ Ìwó tó bá wà ní ibikíbi á sì máa gbọ́ ọ lórí fóònù.

"Báwo ni fóònù ẹni tó wà ní ìlú òyìnbó ṣe ń mọ̀ pé Tíṣà ti tún sọ̀rọ̀?" Mo bi í báyìí lọ́jọ́ kan.

"Fíìdì ni, Bàbá. Ẹ wá wò ó."

Ó fi hàn mí. Fáìlì lásán ni, ọ̀rọ̀ kíkọ ni gbogbo rẹ̀. Ẹ fi wé pátákó ìkéde, àmọ́ ẹ̀rọ ló ń kà á, kì í ṣe èèyàn. Fóònù á máa yọjú wò ó láti ìgbà dé ìgbà, tó bá rí ohun tuntun á gbé e. XML ni wọ́n ń pe ọ̀nà tí wọ́n fi kọ ọ́. Nínú XML, inú àpótí ni gbogbo nǹkan máa ń wà, orúkọ àpótí á sì wà lẹ́nu rẹ̀: àpótí àkọlé, àpótí déètì, àpótí ẹni tó sọ̀rọ̀. Àpótí yìí ni wọ́n ń pè ní táàgì. Àpótí kan tún lè ní nǹkan tí a lẹ̀ mọ́ ọn lára. Bí àpẹẹrẹ, àpótí kan wà tí wọ́n ń pè ní link, wọ́n lẹ ohun kan tó ń jẹ́ href mọ́ ọn. Href yìí ló ń sọ ibi tí ohùn wà gan-an. Àlẹ̀mọ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní átíríbíútì.

Mo wò ó títí. Mo ní, "Rúkà, àga títò nìyí. Ẹ to tibí gẹ́gẹ́, ẹ to tọ̀hún gẹ́gẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín. Àmọ́ kí oṣù tó parí, èmi ni mo ń fi ètò tuntun kọ̀ọ̀kan sínú fíìdì. Mo máa ń da ti àtẹ̀yìnwá kọ, n óò pààrọ̀ àkọlé, n óò pààrọ̀ déètì, n óò pààrọ̀ ibi tí ohùn wà. Ìka kan ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́. Ìka yẹn ti yára ju ọ̀kadà lọ báyìí.

Ọ̀rọ̀ wá di ti Àbújá. Lúkmọ́nù kì í ṣe èèyàn burúkú, àmọ́ ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó ní òun kò lè máa dá gbé ilé mọ́. Ó ní tí Ilé Ohùn bá rí ẹsẹ̀ dúró kí ààwẹ̀ tó parí, òun fọwọ́ sí i, àwọn á jọ wá bí àwọn á ṣe máa gbé e. Tí kò bá rí ẹsẹ̀ dúró, kí Rúkà tilẹ̀kùn kí ó máa bọ̀. Rúkà kò bá a jà. Èmi ni mo rí i tó ń wo ògiri fóòmù rẹ̀ bí ẹni ń wo ọmọ tó fẹ́ lọ sí ìrìn àjò.

Ọlọ́run ṣe é, ilé iṣẹ́ kan ní Ìbàdàn, tí ó ń kó ohùn láti oríṣiríṣi ìlú jọ fún àwọn tó ń gbọ́ rédíò lórí fóònù, ní òun lè máa gbé tiwa. Ẹ̀rọ wọn ni yóò wá wo fíìdì wa lọ́jọ́ Jímọ̀. Tó bá rí wa dáadáa, ó parí. Àmọ́ wọ́n ní nǹkan kan: fíìdì wa yóò wọ inú tiwọn, yóò sì bá ti àwọn ẹlòmíràn pàdé níbẹ̀. Àwọn ní àpótí "title", àwa náà ní "title". Kí wọ́n má baà dàrú mọ́ ara wọn, kí olúkúlùkù fi hàn pé irú àpótí tirẹ̀ nìyí.

"Bí agbo ilé ni," Rúkà sọ fún mi lọ́jọ́bọ̀. "Wọ́n ń pè é ní néémúspéésì. Irú fíìdì tí a ń lò, Átọ́ọ̀mù, ní agbo ilé tirẹ̀. Tẹ́lẹ̀, a kàn kọ orúkọ agbo ilé náà sẹ́nu ọ̀nà, lókè fáìlì, gbogbo àpótí inú ilé ń jẹ́ ẹ láìsọ. Báyìí tí a ń lọ sóde, mo ti kọ ọ́ sí pátákó ẹnu ọ̀nà yẹn pé a ni àmì agbo ilé náà, ẹ má fọwọ́ kan ìyẹn; kí a wá fi àmì náà sí wọn lára. Ẹ kọ a, kí ẹ kọ kólọ́ọ̀nù tẹ̀lé e, kí ẹ tó kọ orúkọ àpótí."

Kólọ́ọ̀nù ni àmì róbótó kékeré méjì tó gun orí ara wọn yẹn. Ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ yìí ń sọ fún mi. Ó ní kí n fi àmì sí ẹrù kí ó tó lọ bá ẹrù ẹlòmíràn pàdé níbi ìnáwó. Èmi! Ó dà bí ìgbà tí wọ́n ní kí ẹja wá lúwẹ̀ẹ́. Ó jáde lọ gba ohùn ìyá kan sílẹ̀, mo jókòó ti kọ̀ǹpútà, mo bẹ̀rẹ̀. Mo fi a sí ara gbogbo àpótí. Mo fi a sí ara gbogbo ohun tó lẹ̀ mọ́ àpótí. Ibi tí wọ́n kọ href sí, mo sọ ọ́ di a:href. Gbogbo rẹ̀ pátá, láìku ẹyọ kan, àfi pátákó yẹn àti ọ̀kan lókè tí mo rí i pé ó ti ní àmì ẹlòmíràn lára tẹ́lẹ̀, xml:lang. Mo fi í sílẹ̀. N kì í fi ọ̀dà sí àga ẹlòmíràn.

Rúkà dé, ó ṣí fáìlì náà wò. Kọ̀ǹpútà kò fi àléébù kankan hàn. Ó ní, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́." Ó gbé e sókè.

Bí a ṣe dé ọ̀sán Jímọ̀ nìyẹn.

Rúkà tún ṣí fáìlì lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò sí pupa, kò sí ìkìlọ̀. Ó pe ọkùnrin ará Ìbàdàn tó ń bójú tó ẹ̀rọ wọn, ó gbé fóònù sí gbangba kí èmi náà lè gbọ́.

"Mádámù, mo ń rí àkọlé yín, mo ń rí déètì," ọkùnrin náà ní. "Ibi tí màá ti gbọ́ ohùn ni mi ò rí. Bíi pé ẹ kò fi síbẹ̀."

"Ó wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Mo ń wò ó báyìí."

"Ojú yín lẹ fi ń wò ó. Ẹ̀rọ wa á tún yọjú kí Màgàríbì tó tó. Tí kò bá rí nǹkan, ẹ má bínú, ìlú mìíràn ló kàn."

Ó gbé fóònù sílẹ̀. Ẹnu ìgbà yẹn gan-an ni Tíṣà Ládélé wọlé, ó gbé ọ̀pá sábẹ́ apá.

"Alága tí kò ní àga," ó ní, "ọmọ mi pè mí láti ìlú òyìnbó, ó ní òun tẹ orúkọ mi, òun kò gbọ́ nǹkan kan. Ṣé o ti ta ohùn mi mọ́ àwọn àga yẹn ni?"

"Ta ni yóò rà á? Ohùn tó dà bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin bàbá," Rúkà ní. "Ẹ jẹ́ kí n ronú."

Ó gbé fáìlì ti ọjọ́rú, èyí tó ṣiṣẹ́, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọjọ́bọ̀, ó ń wò wọ́n ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ìka rẹ̀ dúró lórí href. Ó dúró lórí a:href. Ó wá lọ ṣí òfin Átọ́ọ̀mù àti òfin néémúspéésì, ó ń kà á sínú, ètè rẹ̀ ń mì. Ó wá mí kanlẹ̀.

"Bàbá, ẹ fi a sí ara àwọn átíríbíútì náà."

"Mo fi sí ara ohun gbogbo. Ìwọ lo ní kí n fi sí i."

"Àpótí ni mo ní. Mi ò ní ohun tó lẹ̀ mọ́ àpótí."

"Àpótí tiwa kọ́ ló lẹ̀ mọ́? Kí ni yóò fi jẹ́ ti ẹlòmíràn?"

"Òfin ní a:href kì í ṣe href mọ́. Nǹkan mìíràn ni. Ẹ̀rọ ń wá href, a:href ló bá, kò mọ̀ ọ́n, ó fò ó kọjá. Kò sì ní pariwo, torí pé ẹni tí a kò mọ̀ lè wọ ilé ẹni láìṣẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yìí kò wọ̀ mí létí. Mo ní, "Rúkà, gbọ́. O kọ orúkọ agbo ilé sẹ́nu ọ̀nà tẹ́lẹ̀, o ní gbogbo ohun tó wà nínú ilé ló ń jẹ́ ẹ. Ó túmọ̀ sí pé href ti ń jẹ́ ẹ láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Mo kàn wá kọ ohun tó ti ń jẹ́ tẹ́lẹ̀ sí i lára. Níbo ni mo ti ṣì í?"

Tíṣà ní, "Ìbéèrè gidi ni. Mi ò rò pé ó lè ti ẹnu rẹ̀ jáde."

Rúkà wò wá. Ó ń wá ọ̀nà tí yóò gbà sọ ọ́. Ó wo orí mi.

"Bàbá, fìlà orí yín yẹn, ọmọ agbo ilé wo ni?"

"Fìlà?"

"Ẹ̀yin jẹ́ ọmọ agbo ilé wa. Tí ẹ bá wọlé, wọ́n mọ̀ yín torí pátákó ẹnu ọ̀nà. Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni ń béèrè agbo ilé lọ́wọ́ fìlà?"

"Ta ni yóò béèrè lọ́wọ́ fìlà? Èmi ni mo dé e."

"Ó parí. Pátákó ẹnu ọ̀nà, àwọn ènìyàn inú ilé ló ń sọ ní orúkọ, kì í sọ fìlà wọn. Fìlà kì í ní agbo ilé. Ẹni tó dé e ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n: fìlà Bàbá Alága. Href dà bí fìlà link. Kò ní agbo ilé rárá, kò ní in tẹ́lẹ̀, kò sì ní in báyìí. Ẹ̀rọ ń wá ọkùnrin kan tó ń jẹ́ a:link, ó fẹ́ rí href lórí rẹ̀. Ẹ̀yin wá kọ orúkọ agbo ilé sí fìlà. Ó rò pé fìlà mìíràn ni, kò dá a mọ̀."

Ẹ̀rín pa Tíṣà. Èmi náà bú sẹ́rìn-ín, kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ náà pa mí lẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó wọlé. Ó wọlé bí kọ́kọ́rọ́ ṣe ń wọ inú àgádágodo. Láti ìgbà tí mo ti ń fi ọ̀dà kun àga, n kò ronú rí pé ohun kan lè wà láyé tí ó jẹ́ tèmi láìjẹ́ pé orúkọ wà lára rẹ̀.

Mo ní, "Kúrò níbẹ̀. Gbé kọ̀ǹpútà fún mi."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àmì. Rúkà ní kí n má fọwọ́ kan pátákó òkè, kí n má fọwọ́ kan orúkọ àwọn àpótí, àwọn àlẹ̀mọ́ nìkan ni. Ìka mi ń fò. Tíṣà ń kà á sí mi létí bí ẹni ń ka ẹsẹ Bíbélì. Ìgbà tí mo parí, kò sí àlẹ̀mọ́ kan tó ní àmì lára mọ́. Rúkà tẹ̀ ẹ́ kí ó gbéra. Kò gbéra. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ.

Àwọn tó ń gbé àdúgbò wa mọ̀ pé bó bá di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ báyẹn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa máa ń lọ kí ìdílé rẹ̀. Ibi tó ti máa ń dára ni ọ̀nà Olúpọ̀nnà, níbi tí òpó ńlá wà. A pe kẹ̀kẹ́. Rúkà gbé kọ̀ǹpútà sórí itan, èmi jókòó lọ́tùn-ún, Tíṣà lósì. Mo ní kí Tíṣà dúró sílé, ó ní ohùn òun ni wọ́n ń gbé lọ, òun kò lè jẹ́ kí ó dá lọ.

Ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ náà wò wá nínú dígí rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, ibo lẹ ń gbé kọ̀ǹpútà lọ bí aláìsàn báyìí?"

"Ọ̀dọ̀ dókítà," mo ní. "Sáré."

Bí a ṣe rí òpó, fáìlì gbéra. Ó lọ. Rúkà gbé fóònù rẹ̀ jáde, ó tẹ ètò Tíṣà, ohùn sì dún nínú kẹ̀kẹ́: "Ẹ kú ìgbádùn, ẹ̀yin ọmọ Ìwó." Tíṣà dìde dúró, ó gbá orí mọ́ òrùlé. A ń pariwo ayọ̀. Ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ náà ń pariwo, kò tiẹ̀ mọ ohun tí a ń yọ̀ sí.

Rúkà nìkan ni kò yọ̀ pẹ́. Nínú áàpù àwọn ará Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti jẹ́ kí a dán fíìdì wa wò, ohùn ẹ̀rọ kan wà tó máa ń dárúkọ ètò kí ètò náà tó bẹ̀rẹ̀, torí àwọn tó ń wakọ̀ tí kò lè wo ojú fóònù. Ó tẹ̀ ẹ́ kí a gbọ́. Ohùn òyìnbó obìnrin kan ló jáde. Orúkọ Tíṣà Ládélé tí ó pè, ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá jẹ ata tó gbóná jù. Ìtọ́jú Iṣu di nǹkan tí n kò lè kọ síhìn-ín.

"Kí ni obìnrin yìí pè mí?" Tíṣà ní.

"Ó pè ọ́ ní orúkọ tó yẹ ọ́," mo ní.

"Bàbá," Rúkà ní, ó ti ń wo fáìlì, "xml:lang dà?"

"Mo ti bọ́ àmì rẹ̀. Fìlà kì í ní agbo ilé, àbí o ti gbàgbé?"

Ó pa ojú dé, ó la ojú. "Èyí kì í ṣe fìlà tiwa. A yá a ni."

Ó ṣàlàyé rẹ̀ kíákíá, torí oòrùn ti ń rẹlẹ̀. Lang yìí ló ń sọ fún ẹ̀rọ pé Yorùbá ni a kọ. Agbo ilé kan wà tó ń jẹ́ xml, agbo ilé àgbà, gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n débi pé kò nílò pátákó lẹ́nu ọ̀nà ẹnikẹ́ni. Òun ló ni lang. Ẹnikẹ́ni lè yá a dé, ì báà jẹ́ ọmọ ilé wo, àmọ́ ẹni tó bá yá a gbọ́dọ̀ sọ pé ti ilé xml ni. Tí ó bá dé e láìsọ, wọ́n á rò pé fìlà tirẹ̀ ni, a:feed, àpótí ńlá tó kó gbogbo àpótí yòókù sínú, kò sì ní fìlà tó ń jẹ́ lang. Ẹ̀rọ kò kà á sí. Kò mọ̀ pé Yorùbá ni à ń sọ, ó wá ń fi ẹnu òyìnbó pe orúkọ wa.

"Tó bá jẹ́ pé fìlà Tíṣà ni mo yá ńkọ́?" mo bi í.

"Ẹ óò sọ pé ti Tíṣà ni."

"Kò sí ẹni tí kò ní mọ̀," Tíṣà ní. "Yóò tóbi jù fún orí rẹ."

Mo dá xml padà sí ara lang. Nínú kẹ̀kẹ́ tó ń mì, pẹ̀lú ìka kan. Rúkà gbé e sókè, ó sì tún tẹ̀ ẹ́. Ohùn obìnrin yẹn yí padà, ó wá pe Ládélé dáadáa, ó pe Ìwó bí ọmọ Ìwó. Tíṣà ní kí ó tún un pè. Ó tún un pè. Ó ní lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ní òun fẹ́ padà sílé o.

A ò tíì dé Ìwó padà tí fóònù fi dún. Ọkùnrin ará Ìbàdàn ni.

"Mádámù, ẹ kú iṣẹ́. Ó ti wọlé. Mo wà lórí ti bàbá tó ń sọ̀rọ̀ iṣu yẹn báyìí, mi ò tíì fẹ́ kí ó parí. A ti ń gbé yín láti ìsinsìnyí."

Èmi ni mo gba fóònù lọ́wọ́ Rúkà, mo ní, "Alága ló ń sọ̀rọ̀. A dúpẹ́ lórúkọ ìgbìmọ̀." Ó ní, "Ẹ ṣeun, sà." Tíṣà fi ọ̀pá gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Lọ́wọ́ ìṣínu ni Rúkà pe Lúkmọ́nù. Kò sọ nǹkan kan fún un, ó kàn ní kí ó ṣí áàpù náà wò. À ń gbọ́ ọ níbi tó ti ń tẹ fóònù rẹ̀ ní Àbújá. Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ ohùn Ilé Ohùn láti òkèèrè, nínú ilé ọkùnrin náà.

"Rúkà," ó ní.

"Èmi rèé."

"Ṣé iná wà dáadáa ní Ìwó báyìí?"

"Bó ṣe wà ló wà. Kí ló dé?"

"Rárá o. Mo kàn ń béèrè ni. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò bójú tó ọ̀nà kan lẹ́bàá Òṣogbo."

Rúkà fi ìborùn bo ojú. Mo dìde, mo ní mo fẹ́ lọ wo bí ẹ̀kọ ṣe kù.

Lúkmọ́nù ti dé báyìí, ọ̀nà Òṣogbo ló ń ṣe, ó ń ti ibẹ̀ wá sílé lópin ọ̀sẹ̀. Ilé Ohùn ti gba yàrá kejì. Àwọn obìnrin méjì láti Olúpọ̀nnà àti ọkùnrin kan láti Kuta ń wá kọ́ bí wọn yóò ṣe ní fíìdì tiwọn. Rúkà ń kọ́ wọn ní gbígba ohùn, èmi ń kọ́ wọn ní fáìlì. Ẹni tó bá fẹ́ fi àmì sí nǹkan, mo máa ń dá a dúró, mo máa ń ní, "Bi í kí o tó kùn ún. Ṣé ènìyàn ni, àbí fìlà? Tó bá jẹ́ fìlà, ṣé tirẹ̀ ni, àbí ó yá a?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì ṣe é bó ṣe yẹ. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò tíì sọ ohùn nù.

Lánàá, mo ń kọjá lọ sí ọjà, ọlọ́kadà kan dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, fóònù rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ nínú àpò àyà. Mo gbọ́ àgbẹ̀ Olúpọ̀nnà wa, ó ń sọ bí a ṣe ń yọ iṣu tó ti fọwọ́ kan omi kúrò láàárín àwọn yòókù. Mo dúró síwájú ọ̀kadà náà, n kò kúrò.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ lọ."

"Ohùn tó ń bọ̀ nínú àpò rẹ yẹn," mo ní, "èmi ni mo dé e ní fìlà."

Ó wò mí lókè, ó wò mí nísàlẹ̀.

"Bàbá," ó ní, "ẹ wá, ẹ jókòó sẹ́yìn mi. N óò gbé yín délé lọ́fẹ̀ẹ́."

Mo jókòó. Ó gbéra, ohùn náà sì ń bá ọ̀rọ̀ iṣu lọ. Ó rò pé ogbó ti ń da ọpọlọ mi rú, n kò bá a jiyàn. Ó kúkú ń gbọ́ wa.